Àpótí Orí Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìgò méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀,
kò sí èyí tó ga ju ìka kan lọ,
hóró funfun wínníwínní nínú ìkọ̀ọ̀kan,
bí ẹyin eèrà, dídùn bí ṣúgà.
Bàbá mi Akíndùnjoyè, wọnlẹ̀wọnlẹ̀,
ló rà á lọ́wọ́ tíṣà kan ará Íńdíà
tó kọ́ni ní ìṣirò ní Àkúrẹ́
kó tó di ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Kò kọ orúkọ oògùn sí wọn lára. Orúkọ wa ló kọ:
"Ikọ́ Fọlábọ̀mí."
"Inú rírun Adétòún."
"Ehín ọmọ tuntun."
Ọ̀kan wà tó kọ "Ìbínú Ìyá Wọn" sí,
a ò rí i kó ṣí i rí.

Ìyá mi kò ní àpótí. Àgbàlá ni tirẹ̀:
efinrin lẹ́bàá kànga,
ewé gúáfà, ata ilẹ̀ nínú agbada tó ti jò,
àdí àgbọn nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

Bàbá ṣàlàyé fún un lálẹ́ ọjọ́ kan:
"Wọ́n á kán oògùn ẹ̀kán kan sínú omi, wọ́n á mì í.
Wọ́n á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi mìíràn,
wọ́n á tún mì í, títí oògùn á fi tán nínú omi,
tí yóò ku ìrántí."
Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Ẹ ò rí nǹkan! Kí n wá ju hóró iyọ̀ kan sódò Alá,
kí gbogbo Ìsọlọ̀ máa bu ú lọ fi se ọbẹ̀?"
Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n ó ti àpótí rẹ̀.

Àwa ọmọ ò bá wọn dá sí i.
Inú ń run wá lálaalẹ́.
Orí ń fọ́ wa nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá bá ṣẹ́kù.
Mẹ́ta lábẹ́ ahọ́n. Má rún un. Má mu omi.
A ó dijú bí ẹni ń gbàdúrà
títí adùn náà á fi yọ́ tán.
Á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "Ó sàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Ọdún tí ọyẹ́ mú tí ètè gbogbo wa sán,
ara Fọlábọ̀mí gbóná.
Ìyá gún efinrin, ó fi omi nù ún lára.
Bàbá ṣí ìgò kan, ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta.
Nígbà tó di aago méjì òru, ọmọ ò dá wa lóhùn mọ́,
ojú rẹ̀ ń yí.
Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn.
Bàbá gbé e kọ́ èjìká,
Ìyá ń sáré níwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti Òkè-Àró,
bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀,
títí dé ọsibítù ìjọba.
"Ibà ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ," ni dókítà wí.
Abẹ́rẹ́. Omi tí wọ́n so rọ̀ sókè.
Ọjọ́ mẹ́fà.

Bàbá délé, ó fi gègé pupa kọ ọ́ sára ìdérí:
"Bí ara ọmọ bá gbóná, má ṣí mi. Gbéra."
Ìyá kà á, ó lọ, ó tún padà wá,
ó mú gègé, ó fi kún un:
"Àti efinrin."

Bàbá ti sùn. Fọlábọ̀mí ti bímọ mẹ́ta lọ́nà Ọ̀dà.
Ọwọ́ mi ni àpótí wà.
Lánàá, ọmọ mi ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún rẹ̀ bó.
Mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣì ń ké,
ó ń nawọ́ sókè, sí orí kọ́bọ́ọ̀dù.
Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un kó máa ka ìgò.
Gbogbo wọn ló ti ṣófo, àwa la jẹ wọ́n tán.
Ó ku ẹyọ kan, "Ìbínú Ìyá Wọn,"
tí a ò rí i kó ṣí i rí:
ó ti lọ dé ìdajì.

Mo pe Ìyá lórí fóònù, mo bi í.
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Ó dùn," ló wí.